Ṣé Quarterback Ọ̀dọ́ Ló Kùnà, àbí Ikọ̀ Tó Yàn Án?

Òǹkàwé wa kan kọ̀wé báyìí: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Charlotte ní North Carolina ni èmi àti ìdílé mi ń gbé, ikọ̀ Panthers tó ń gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà sì ni ọmọkùnrin mi fẹ́ràn. Ní 2023, wọ́n kó ọ̀pọ̀ nǹkan fún ikọ̀ Chicago kí wọ́n lè jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó máa yàn nínú draft, ìyẹn ètò tí àwọn ikọ̀ fi ń yan ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù láti yunifásítì, wọ́n sì yan Bryce Young ní quarterback, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fún ikọ̀. Nínú eré 17, méjì péré ni wọ́n borí. Houston yan C.J. Stroud tẹ̀lé e, òun tàn lọ́dún yẹn gan-an. Ní 2024, wọ́n ní kí Young lọ jókòó. Ní 2025 ẹ̀wẹ̀, òun kan náà ló gbé wọn dé ipò kìíní ní ìpín wọn, láàárín àwọn ikọ̀ mẹ́rin tó jọ wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ò yé mi mọ́. Ṣé wọ́n ṣì í yàn ni? Kí ló yẹ kí ikọ̀ tó ti wọlẹ̀ kọ́kọ́ ṣe tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá bọ́ sí i lọ́wọ́?"

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé. Ìbéèrè méjì ló wọnú ara wọn nínú ohun tí ẹ béèrè, ó sì yẹ ká yà wọ́n sọ́tọ̀. Èkíní ni bóyá Bryce Young mọ eré. Èkejì ni bóyá ibi tí wọ́n mú un wọ̀ ní 2023 jẹ́ ibi tí ẹnikẹ́ni ti lè fi hàn pé òun mọ̀ ọ́n. Lójú tèmi, sáà 2023 kò sọ ohun púpọ̀ fún wa nípa ọmọ náà, ikọ̀ tó gbà á ló tú àṣírí. Quarterback ọ̀dọ́ kì í tún ikọ̀ tó ti dojú dé tò. Àwọn àgbà tó ń darí ikọ̀ ló gbọ́dọ̀ tún un tò yí i ká, àwọn iṣẹ́ kan sì wà tó yẹ kí wọ́n ti parí kí ọmọ náà tó wọ aṣọ ikọ̀ rárá.

Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a fi bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ dàgbà máa ń wo quarterback bí ẹni pé Okocha ni. Okocha lè gba bọ́ọ̀lù láàárín pápá, kó yọ lọ́wọ́ èèyàn mẹ́ta, kó sì fúnra rẹ̀ gbá a sáwọ̀n. Quarterback kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí center bá ti ta bọ́ọ̀lù sí i lọ́wọ́, nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá méjì ààbọ̀ ló ní láti wo ibi tí àwọn alátakò dúró sí, kó mọ èwo nínú àwọn tó ń sáré lọ gba bọ́ọ̀lù ló máa ráyè, kó sì ju bọ́ọ̀lù náà sí ibi tí ẹni yẹn kò tíì dé. Èèyàn márùn-ún tó wà níwájú rẹ̀ ló ń ra ìṣẹ́jú àáyá méjì ààbọ̀ yẹn fún un: center láàárín, guard méjì lọ́tùn-ún lósì rẹ̀, tackle méjì ní etí. Tí ọ̀kan péré bá fọ́ nínú wọn, gbogbo ètò ti bàjẹ́. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá sọ pé àwọn alátakò gbé quarterback kan ṣánlẹ̀ kó tó ju bọ́ọ̀lù nígbà 62, bí wọ́n ṣe gbé Young ṣánlẹ̀ ní 2023, ẹ má ṣe kà á sí iṣẹ́ ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ohun tí Panthers san. Ìlànà draft ni pé ikọ̀ tó bá ṣe búburú jù ló ń kọ́kọ́ yàn. Panthers kọ́ ló burú jù ní 2022, ipò kẹsàn-án ni wọ́n ti fẹ́ yàn. Kí wọ́n lè bọ́ sí ipò kìíní, wọ́n fún Chicago ní ìyàn kẹsàn-án yẹn, ìyàn kọkànlélọ́gọ́ta ọdún kan náà, ìyàn àkọ́kọ́ wọn ti 2024 àti ìyàn kejì wọn ti 2025. Wọ́n tún wá fi D.J. Moore, ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù gbà jù nínú ikọ̀ wọn, lé e. Ẹ sì rántí pé ní October 2022, wọ́n ti fi Christian McCaffrey ránṣẹ́ sí San Francisco. Ẹni tí quarterback ì bá máa ju bọ́ọ̀lù sí ti lọ, ẹni tí ì bá máa gbé bọ́ọ̀lù sáré kí ara lè tu quarterback náà ti lọ, àwọn ìyàn tí wọ́n lè fi ra àwọn mìíràn náà ti lọ. Bí ẹni tó ta búlọ́ọ̀kù ilé rẹ̀ kó lè ra páànù ni. Páànù náà dára, kò kàn sí ògiri tí wọ́n máa kàn án mọ́ ni.

Ìyàn 2024 yẹn ló dunni jù. Nítorí pé Panthers borí eré méjì péré, ìyàn wọn di ìyàn àkọ́kọ́ pátápátá nínú draft 2024, Chicago ló sì ni ín. Ohun tí Chicago fi yan quarterback tiwọn, Caleb Williams, nìyẹn. Ikọ̀ tó bá fi ìyàn ọdún tó ń bọ̀ ra quarterback ń fi owó ta á pé òun kò ní ṣe búburú lọ́dún náà, bẹ́ẹ̀ ikọ̀ tó ń ra quarterback tuntun ló sábà máa ń ṣe búburú. Èmi kì í bá àwọn tó ń san ìyàn àkọ́kọ́ ọdún iwájú jiyàn pé quarterback ṣe pàtàkì. Ohun tí mo máa ń béèrè ni pé, lẹ́yìn tí ẹ bá san án tán, kí ló kù tí ẹ máa fi ra guard?

Houston tí ẹ fi wé wọn kò wá láti ibi tó dára rárá. Ní 2022, eré mẹ́ta ni wọ́n borí, 13 ni wọ́n pàdánù, wọ́n ta ọ̀mì kan. Àmọ́ wọn kò san kọ́bọ̀ láti gba Stroud, ipò kejì tí èsì wọn gbé wọn sí ni wọ́n ti yàn án. Wọ́n tún ní àwọn ìyàn tí Cleveland fún wọn nígbà tí wọ́n fi Deshaun Watson ránṣẹ́ síbẹ̀ ní March 2022. Láti ara ìyẹn ni wọ́n ti rí ohun tí wọ́n fi gòkè lọ sí ipò kẹta lálẹ́ ọjọ́ kan náà, tí wọ́n sì yan Will Anderson Jr., ẹni tó ń lé quarterback alátakò kiri. Tackle òsì wọn, Laremy Tunsil, ti wà níbẹ̀ kí Stroud tó dé, wọ́n sì mú Shaq Mason wá fún ipò guard. DeMeco Ryans tuntun ni akọ́nimọ̀ọ́gbá, Bobby Slowik ló ń pe eré, ìyẹn ni pé òun ló ń sọ eré tí wọ́n máa gbá, ẹnikẹ́ni kò sì gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ láàárín sáà. Stroud ju yáàdì 4,108, ó ju touchdown 23 (bọ́ọ̀lù tó dé òpin pápá alátakò, tó sì fún ikọ̀ ní àmì ayò), bọ́ọ̀lù márùn-ún péré ni àwọn alátakò já gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Eré 10 ni wọ́n borí, wọ́n sì gba ìpín wọn. Ọmọ náà mọ eré, kò sí àníàní. Ṣùgbọ́n ẹ gbé e lọ sí Charlotte lọ́dún yẹn, sẹ́yìn àwọn guard tí wọ́n ń pààrọ̀ léraléra nítorí ìfarapa, kí ẹ wá sọ fún mi pé bọ́ọ̀lù márùn-ún péré ni wọ́n máa já gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ibi tó yẹ kí ikọ̀ kọ́kọ́ fi ọwọ́ kàn nìyí: àárín iwájú, ìyẹn center àti guard méjèèjì. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń kígbe tackle òsì nítorí pé òun ló ń ṣọ́ ẹ̀yìn quarterback tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún jù, owó rẹ̀ sì ga jù. Òótọ́ ni pé tackle ṣe pàtàkì. Àmọ́ ẹ wo eré kan ṣoṣo bó ṣe ń lọ. Ìgbìyànjú mẹ́rin ni ikọ̀ ní láti fi gba yáàdì mẹ́wàá. Ìgbìyànjú kẹta ni, ó ku yáàdì mẹ́jọ. Center ta bọ́ọ̀lù, quarterback sún sẹ́yìn ní ìgbésẹ̀ mẹ́ta, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ gúnlẹ̀, ojú rẹ̀ wà lára ẹni tó ń sáré gba àárín pápá kọjá. Tó bá jẹ́ tackle ló fì, alátakò máa yípo láti ẹ̀gbẹ́ wá, quarterback lè gbé ìgbésẹ̀ kan síwájú, kí ẹni náà sáré kọjá lẹ́yìn rẹ̀, kí bọ́ọ̀lù sì jáde. Tó bá jẹ́ guard ló fì, ìgbésẹ̀ síwájú yẹn gan-an ni ibi tí alátakò ti dúró. Kò sí ibi tó máa sún sí àyàfi ẹ̀yìn, ẹni tó bá sì ń sún sẹ́yìn kò lè fi gbogbo ara ju bọ́ọ̀lù. Bọ́ọ̀lù náà á léfòó, alátakò á já a gbà.

Fún Young, ọ̀rọ̀ náà tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún àti ínǹṣì mẹ́wàá ni gíga rẹ̀, ọ̀pọ̀ guard sì ga ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àti ínǹṣì mẹ́ta lọ, wọ́n sì wúwo ju 300 pọ́ùn. Ẹni tó kúrú kì í wo pápá lórí wọn. Àárín wọn ló ti ń wò ó, níbi àlàfo tó wà láàárín center àti guard. Tí àwọn yẹn bá ń fì sẹ́yìn lé e láyà, àlàfo ti dí, kò rí ẹnì kankan mọ́. Ìdí nìyí tí inú mi fi dùn sí ohun tí Panthers ṣe ní March 2024, lẹ́yìn tí Dan Morgan di olùdarí àgbà wọn: wọ́n fún Robert Hunt ní àdéhùn ọdún márùn-ún tó tó mílíọ̀nù 100 dọ́là, wọ́n fún Damien Lewis ní ọdún mẹ́rin tó tó mílíọ̀nù 53. Guard ni àwọn méjèèjì. Àwọn èèyàn sọ nígbà náà pé owó náà ti pọ̀ jù fún guard. Lọ́dún yẹn, iye ìgbà tí wọ́n gbé Young ṣánlẹ̀ wálẹ̀ sí 29. Òótọ́ ni pé kò gbá gbogbo eré, àmọ́ ìyàtọ̀ náà ju ti eré díẹ̀ tó fò lọ. Chicago tọ ọ̀nà kan náà ní 2025, lẹ́yìn tí wọ́n gbé Caleb Williams ṣánlẹ̀ nígbà 68 ní ọdún rẹ̀ àkọ́kọ́. Wọ́n mú Joe Thuney wá láti Kansas City, Jonah Jackson láti Los Angeles, Drew Dalman láti Atlanta: guard, guard, center. Wọ́n fi odindi àárín iwájú rọ́pò odindi àárín iwájú. Wọ́n kúrò ní eré márùn-ún tí wọ́n borí sí 11. (Ọmọ yín lè fẹ́ mọ̀ pé àwọn ọmọ Yorùbá wà nínú àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ìdáàbòbò yìí: Olumuyiwa Fashanu ni New York Jets yàn ní ipò kọkànlá ní 2024 fún ipò tackle, Olusegun Oluwatimi sì jẹ́ center tí Seattle yàn ní 2023.)

Mo ní láti sọ òdìkejì rẹ̀ náà o. Kì í ṣe gbogbo ìgbà tí wọ́n bá gbé quarterback ṣánlẹ̀ ni ẹ̀bi wà lọ́rùn àwọn tó wà níwájú. Williams di bọ́ọ̀lù mú pẹ́ jù ní 2024, ó ń wá eré ńlá nígbà tí eré kékeré wà níwájú rẹ̀. Ẹ̀yin àti ọmọ yín lè fúnra yín yẹ̀ ẹ́ wò nílé. Bí center bá ti ta bọ́ọ̀lù, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú àáyá jẹ́ẹ́jẹ́. Bí wọ́n bá gbé quarterback ṣánlẹ̀ kí ẹ tó ka méjì tán, àwọn iwájú ló jẹ̀bi, tàbí ẹni tó pe eré tí kò rí i pé alátakò fẹ́ rán èèyàn púpọ̀ wá. Tó bá wà láàárín méjì sí mẹ́ta, ẹ wo àwọn tó ń gba bọ́ọ̀lù: ṣé ẹnì kan wà tó ráyè? Tí kò bá sí, àwọn ló jẹ̀bi. Tó bá kọjá mẹ́ta, tí ẹnì kan sì ti dúró láìsí ẹni tó mú un, quarterback ló dá a sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ ṣe é fún eré mẹ́rin tàbí márùn-ún, ẹ máa rí i pé ìdájọ́ yín á yàtọ̀ sí ti àwọn tó ń pariwo lórí tẹlifíṣọ̀n.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nípa ìgbéṣánlẹ̀ púpọ̀ kọjá ọ̀rọ̀ ìfarapa. David Carr ni Houston yan ní ipò kìíní ní 2002, ọdún tí ikọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Tony Boselli, tackle tí wọ́n gbà pé ó máa dáàbò bò ó, kò lè gbá eré kan fún wọn nítorí èjìká rẹ̀. Wọ́n gbé Carr ṣánlẹ̀ nígbà 76 lọ́dún yẹn, kò sì sẹ́ni tó tíì kọjá iye yẹn ní sáà kan. Ọdún márùn-ún tó lò níbẹ̀, ìgbà 249 ni wọ́n gbé e ṣánlẹ̀. Ọ̀dọ́ tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí máa ń kọ́ ìwà tí kò dára: ojú rẹ̀ á kúrò lára àwọn tó ń gba bọ́ọ̀lù, á bọ́ sára àwọn tó ń bọ̀ wá gbá a. Á máa sá kúrò ní ibi tí kò séwu. Á máa ju bọ́ọ̀lù kó tó yẹ. Tí ikọ̀ bá wá ra àwọn ìdáàbòbò gidi fún un lọ́dún kẹrin, ìwà yẹn lè ti wọ̀ ọ́ lẹ́wù. Nítorí ìyẹn ni mo fi ń sọ pé ọdún àkọ́kọ́ àti ìkejì ni owó iwájú gbọ́dọ̀ jáde.

Lẹ́yìn àárín iwájú, ẹni tó ń pe eré ló kàn. Ní 2023, Frank Reich, akọ́nimọ̀ọ́gbá Panthers, kọ́kọ́ ń pe eré fún Young. Ní October, ó gbé iṣẹ́ náà fún Thomas Brown, ọ̀kan nínú àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́. Ní November, ó gbà á padà. Kí oṣù náà tó parí, wọ́n lé Reich lẹ́yìn eré 11. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì ní láti kọ́ bí ẹni kan ṣe ń pe orúkọ eré, bí ìgbésẹ̀ rẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ bá àkókò tí ẹni tó ń gba bọ́ọ̀lù yí padà mu, ẹni wo ló máa kọ́kọ́ wò, ẹni wo ló tẹ̀lé e. Bí ẹni tó ń pe eré bá yí padà, púpọ̀ nínú rẹ̀ ló ń yí padà. Jacksonville ṣe bẹ́ẹ̀ sí Trevor Lawrence, wọ́n lé Urban Meyer lẹ́yìn eré 13 ní 2021. Tennessee yan Cam Ward ní ipò kìíní ní 2025, wọ́n sì lé Brian Callahan lẹ́yìn eré mẹ́fà. Mi ò sọ pé kí ikọ̀ máa pa akọ́nimọ̀ọ́gbá burúkú mọ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé tí ẹ kò bá fọkàn tán akọ́nimọ̀ọ́gbá kan, ẹ lé e kí ẹ tó yan quarterback, kì í ṣe lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Ẹ fi ti Buffalo wò ó. Josh Allen tí wọ́n yàn ní 2018 kì í ju bọ́ọ̀lù síbi tó yẹ nígbà tó dé: 52.8 nínú ọgọ́rùn-ún ni èyí tó bá ọwọ́ ẹni tó ń gbà á. Wọ́n tún èyí tó pọ̀ jù nínú iwájú tò ní 2019, wọ́n ra Mitch Morse fún ipò center, wọ́n mú John Brown àti Cole Beasley wá láti máa gba bọ́ọ̀lù, ó di 58.8. Wọ́n mú Stefon Diggs wá ní 2020, ó di 69.2. Brian Daboll nìkan ló sì ń pe eré fún un láti 2018 títí di 2021. Ẹ kíyè sí bí wọ́n ṣe tò ó: iwájú àti àwọn agbábọ́ọ̀lù tó ṣe é gbára lé kọ́kọ́ dé, ìràwọ̀ dé ìkẹyìn.

Ní ti àwọn tó ń gba bọ́ọ̀lù, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Quarterback ọ̀dọ́ nílò ẹnì kan tó ga tàbí tó lágbára tó lè já bọ́ọ̀lù gbà nígbà tí alátakò rọ̀ mọ́ ọn, ẹnì kan tó yára láti máa mú àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹ̀yìn lọ jìnnà, àti ẹnì kan tó máa ń wà nítòsí láàárín nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti dàrú. Panthers ní ẹni ìkẹyìn yìí ní 2023, Adam Thielen, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òun nìkan. Ó ti lé ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún, síbẹ̀ bọ́ọ̀lù 103 ló gbà. Ọdún 2025 ni wọ́n tó rí èyí tó ga, nígbà tí wọ́n yan Tetairoa McMillan ní ipò kẹjọ.

Gbogbo èyí ń náni lówó, ibẹ̀ sì ni ohun tó mú kí quarterback ọ̀dọ́ níye lórí wà. Ní 2010, St. Louis fún Sam Bradford, ẹni àkọ́kọ́ nínú draft, ní àdéhùn ọdún mẹ́fà tó tó mílíọ̀nù 78 dọ́là, mílíọ̀nù 50 nínú rẹ̀ sì dájú. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, òfin tuntun dé, Cam Newton tí Panthers kan náà yàn ní ipò kìíní gba nǹkan bí mílíọ̀nù 22 fún ọdún mẹ́rin. Ti Young jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 38 fún ọdún mẹ́rin, ìyẹn mílíọ̀nù mẹ́sàn-án ààbọ̀ lọ́dún. Lọ́dún kan náà, Cincinnati fún Joe Burrow ní àdéhùn tó ń lọ sí mílíọ̀nù 55 lọ́dún. Ìyàtọ̀ àárín wọn lé ní mílíọ̀nù 45. Hunt àti Lewis pọ̀ ń gba nǹkan bí mílíọ̀nù 33 lọ́dún. Ìyẹn ni pé ohun tí ikọ̀ kò san fún quarterback ọ̀dọ́ tó láti ra guard méjì tó dára, kó sì tún ṣẹ́kù. Gbèdéke kan wà lórí owó agbábọ́ọ̀lù tí ikọ̀ kankan kò gbọ́dọ̀ kọjá, mílíọ̀nù 255.4 ni ní 2024, nítorí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ pé ẹni tó ni ikọ̀ lówó lọ́wọ́. Àyè yìí kì í sì pẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ May lẹ́yìn sáà kẹta, ikọ̀ gbọ́dọ̀ sọ bóyá òun máa fi ọdún karùn-ún kún un, owó ọdún yẹn sì dájú pátápátá bí wọ́n bá ti fọwọ́ sí i. Ikọ̀ tó bá fi ọdún méjì àkọ́kọ́ ṣòfò ti lo ìdajì àkókò olówó pọ́ọ́kú rẹ̀.

Ẹ tún béèrè nípa jíjókòó. Kansas City jẹ́ kí Patrick Mahomes jókòó sẹ́yìn Alex Smith ní 2017, Green Bay jẹ́ kí Jordan Love jókòó fún ọdún mẹ́ta. Àwọn èèyàn máa ń fi wọ́n ṣe àpẹẹrẹ, àmọ́ ikọ̀ méjèèjì ní quarterback tó dára tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ń borí. Ikọ̀ tó wọlẹ̀ kì í ní ẹni tí ọmọ máa jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kó gbá eré tí àárín iwájú bá dúró, kó sì jókòó tí kò bá dúró, láìka bí àwọn èrò ṣe ń kígbe orúkọ rẹ̀ sí. Ní ti ìjókòó Young ní 2024, eré méjì péré ni Dave Canales, akọ́nimọ̀ọ́gbá tuntun wọn, fún un kó tó gbé Andy Dalton, quarterback àgbà, sí ipò rẹ̀. Ó yá jù lójú mi. Síbẹ̀ ó ṣe é láǹfààní. Nígbà tí Dalton farapa nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ní October tí Young padà, ó ń tètè ju bọ́ọ̀lù, ó ń gbé ẹsẹ̀ síwájú láàárín àwọn tó ń dáàbò bò ó. Ní eré tó kẹ́yìn sáà náà, ní Atlanta, ó ju touchdown mẹ́ta, ó fi ẹsẹ̀ gbé méjì wọlé, wọ́n sì borí 44 sí 38.

Ẹ má ṣe rò pé ìlànà tí mo tò sílẹ̀ yìí kì í yẹ̀. Cincinnati yan Burrow ní 2020, orúnkún rẹ̀ já ní November ọdún náà lẹ́yìn iwájú tí kò lágbára. Ní 2021, dípò tackle Penei Sewell, wọ́n yan Ja'Marr Chase tó ń gba bọ́ọ̀lù. Ohun tí èmi ì bá ṣe kọ́ nìyẹn, àmọ́ wọ́n dé Super Bowl (eré àṣekágbá) lọ́dún yẹn bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n gbé Burrow ṣánlẹ̀ nígbà mẹ́sàn-án ní eré kan ṣoṣo ní Tennessee. Ní Super Bowl náà, wọ́n tún gbé e ṣánlẹ̀ nígbà méje, wọ́n sì pàdánù. Houston tí mo yìn lókè, ìdáàbòbò wọn bàjẹ́ ní 2024, wọ́n gbé Stroud ṣánlẹ̀ nígbà 52, wọ́n sì lé Slowik lẹ́yìn sáà náà. Iwájú tó dára lónìí lè di aláìsàn lọ́la nítorí orúnkún méjì. Àwọn ọ̀dọ́ kan sì wà tó jẹ́ pé, bó ṣe wù kí iwájú dára tó, ojú wọn kò yára tó láti ka pápá, ìtọ́jú kankan kò sì lè wo ìyẹn sàn.

Nítorí náà, ìdáhùn mi sí ìbéèrè yín àkọ́kọ́ ni pé wọn kò ṣì í yàn, iye tí wọ́n san ni wọ́n ṣì. Ní ti pé ó ti di ọ̀gá báyìí, mi ò tíì sọ bẹ́ẹ̀. Eré mẹ́jọ ni wọ́n borí ní 2025, mẹ́sàn-án ni wọ́n pàdánù. Tampa Bay àti Atlanta tí wọ́n jọ wà ní ìpín kan náà parí pẹ̀lú èsì kan náà, òfin tí wọ́n fi ń ya àwọn ikọ̀ tó bá dọ́gba ló gbé Panthers síwájú wọn. Wọ́n pàdánù 34 sí 31 lọ́wọ́ Los Angeles ní ìpele kò-mẹsẹ̀-ó-yọ, eré tí ojú kò ti ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ohun tí mo máa ń wò lára irú rẹ̀ báyìí ni ìgbìyànjú kẹta tó bá ku yáàdì méje sókè, nítorí ibẹ̀ ni ẹni tó ń pe eré kò ti lè fi ọgbọ́n bò ó mọ́lẹ̀. Mo tún máa ń wò ó nígbà tí wọ́n bá ń pàdánù ní ìdá kẹrin eré: ṣé ó ṣì ń ju bọ́ọ̀lù lásìkò, àbí ó ti ń sá kiri? Kí ọmọ yín máa kọ ìwọ̀nyí sínú ìwé kékeré kan ní gbogbo ọjọ́ Sunday. Tó bá ti kọ eré mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án sílẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, inú mi á dùn láti bá yín yẹ̀ ẹ́ wò.